Àbùlẹ̀ Inú Ìwé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ọ̀gá mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ní kí n lọ wá bàbá kan tí ó máa ń kàwé fún ọmọ rẹ̀, kí n kọ ìtàn rẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà kò wù mí. Mo ti pàdé irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé ni wọ́n ń rà, ìyá ló ń kà á. Bí o bá béèrè ìwé tí wọ́n kà kẹ́yìn lọ́wọ́ wọn, wọ́n á họ orí, wọ́n á ní, "Ṣé èyí tí ẹran wà nínú rẹ̀ yẹn?"

Olùkọ́ obìnrin kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló júwe ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún mi. Ó ní, "Ẹ lọ bá Alábùlẹ̀ nílé alágbàfọ̀. Kò sí bàbá tó ń kàwé fọ́mọ tó o nínú gbogbo òbí tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, egbò ibẹ̀ kò tíì jinná."

Mo ní, "Egbò kí ni?"

Ó ní, "Ẹlẹ́gbò ló lè ṣí i."

Ilé alágbàfọ̀ náà ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Iwájú ni àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn, tí ooru áyọ́ọ̀nù ń bo gíláàsì fèrèsé, tí àwọn oníbàárà ń jà lórí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tó sọnù. Ẹ̀yìn ni yàrá Alábùlẹ̀ wà. Kò fẹ̀ ju ibùsùn kan lọ. Tábìlì rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé gan-an, nítorí kì í fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Ó ní iná máa ń purọ́ fún ojú: òwú dúdú àti òwú aró á di ìbejì lábẹ́ rẹ̀, ó di ìgbà tí oníṣòkòtò bá dúró nínú oòrùn kí àṣírí tó tú.

Ọkùnrin gígùn ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó fi òwú di apá kan awò ojú rẹ̀. Kóòtù kan wà lórí itan rẹ̀ tí iná sìgá ti jó ihò sí lápá. Ó ń fa òwú yọ lẹ́yọ lẹ́yọ láti inú ìṣẹ́tí kóòtù náà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé, ó sì ń hun wọ́n sí ojú ihò náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má ra òwú tuntun sí aṣọ tó ti gbó. Kò lè jọ ọ́ láéláé. Ara rẹ̀ náà ni kí ẹ ti yọ ọ́. Bí oníkóòtù bá dé, tó ní ibo ni ihò yẹn wà, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Bó bá rí i, mo ti kùnà."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ó máa ń kàwé fún ọmọ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Ká ní oṣù tó kọjá lẹ wá ni, ẹ̀ bá bá bàbá tó ń kàwé fọ́mọ. Ọmọ náà ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ṣe?"

"Iṣẹ́ mi yìí náà ni mo ṣe," ó ní, ó sì já òwú náà pẹ̀lú eyín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, bàbá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ mú un sùn. Kò sí orin kan tí ó mọ̀ dé ìparí. "Bí mo bá kọrin fún un, ńṣe lojú rẹ̀ máa ń là sí i. Lọ́jọ́ kan aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn, ó ní ta ni ara rẹ̀ kò yá."

Ìwé ló gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin kan ń ta àlòkù ní ẹsẹ̀ títì tí ilé alágbàfọ̀ wà: àga, fìtílà, ìkòkò, ìwé. Ìwé tó bá pé, ó ń tà á. Èyí tí ojú ewé rẹ̀ ti já lọ, èènì ni. Alábùlẹ̀ á ra bọ́tìnnì àlòkù lọ́wọ́ rẹ̀, á sì gba ìwé kan tàbí méjì ní èènì. Nílé, á fi òwú rán ẹ̀yìn ìwé náà kí ó má tú mọ́, á fi àjákù aṣọ ṣe èèpo tuntun fún un. Mo fojú ara mi rí wọn lórí pẹpẹ, wọ́n tò bí ọmọ ìyá kan náà tí olúkúlùkù wọ aṣọ tirẹ̀: òmíràn wọ aṣọ ṣòkòtò, òmíràn wọ aṣọ fèrèsé.

Bí ó bá ń kà á lọ, tí ó dé ibi tí ojú ewé ti já, kì í dúró. Láti inú ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni á ti fa ọ̀rọ̀ yọ, á fi dí ihò náà, ohùn kò ní yí padà. Ó tún máa ń ṣe bí ẹni ṣí ojú ewé.

"Ojú ewé wo?" ni mo bi í.

"Èyí tí kò sí níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò kàn sọ fún un pé ìwé ti ya?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́ta tí oorun ń kùn? Ẹ ò tíì bímọ."

Mi ò tíì bímọ lóòótọ́. Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Láti kékeré, bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá ń jiyàn lórí ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn, á jókòó sáàárín wọn, á ní kí ẹnì kan kọ́kọ́ rojọ́ tirẹ̀ kí èkejì tó sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí, ó sì ti ń dá ìwé kà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé orí pẹpẹ yẹn, ti bàbá rẹ̀ ni. Kì í kà wọ́n, ó ń gbọ́ wọn ni. Ìwé tí ènìyàn ti mọ̀ sórí láti ìgbà tí eyín wàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ló tún fẹ́ lọ wò nínú rẹ̀?

Èyí tí ó fẹ́ràn jù ni ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Opó kan ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ń bá a ru iyọ̀ gun òkè lọ tà. Lọ́jọ́ kan kùrukùru bò wọ́n, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọnù. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé wọn ti já. Níbi tí ó ti tún bẹ̀rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti wà ní àgbàlá opó náà, ó ń fẹsẹ̀ kan tiro. Ta ló mú un wálé? Alábùlẹ̀ wá ẹnì kan fún un: bàbá arúgbó afọ́jú kan tí ń dá gbé inú ahéré orí òkè, tí ó gbóòórùn iyọ̀, tí ó di ìrù ẹranko náà mú, tí àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru. Ọmọ náà fẹ́ràn afọ́jú yìí ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Ní ìparí ìwé, ẹ̀gbọ́n opó náà tí wọ́n ti ń jà láti orí kìíní wà nídìí tábìlì, ó ń jẹun.

Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà kan pé, "Kí ni ẹ̀gbọ́n yẹn wá ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti parí ìjà ni?"

Bàbá ní, "Ó wá jẹun ni. Sùn."

Nígbà tí àwọn ilé-ìwé mẹ́ta kan fẹ́ ṣe ìdíje ìwé kíkà, ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà lára èyí tí wọ́n yàn. Adájọ́ fò sókè ní kíláàsì, ó ní òun ni òun máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Olùkọ́ na ẹ̀dà tí ó wà ní ilé-ìwé sí i kí ó mú un lọ sílé. Kò gbà á. Ó ní, "A ní in nílé, mà." Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá sì ní, "Kí lo fẹ́ fi tiwọn ṣe? Tiwa ń bẹ."

Mo ní kí ó tún ibẹ̀ sọ. Ṣé kò rántí pé ìwé náà já láàárín ni?

"Mo ti gbàgbé," ó ní. "Mo ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi kò mọ ibi tí aṣọ parí sí àti ibi tí àbùlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Mi ò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Mo fi í pamọ́ sínú pé n óò dán an wò.

Olùkọ́ náà wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdíje, Alábùlẹ̀ sì wà ní ìlà kejì, ó wọ kóòtù. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ fún mi bára mu. Adájọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa. Obìnrin tó ń béèrè ìbéèrè wá ní, "Ta ló mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ padà sílé?" Ọmọ náà dá a lóhùn láìrò ó, ó ní bàbá afọ́jú orí òkè ni. Obìnrin náà ní kò sí afọ́jú kankan nínú ìwé náà. Ọmọ ní ó wà níbẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ló kà á fún mi. Àwọn nìyẹn. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí padà. Alábùlẹ̀ dìde, ó ní, "Ó wà níbẹ̀ o." Ó gbà á gbọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n gbé ìwé tó pé wá fún un, wọ́n ṣí ibẹ̀. Ó kà á. Ẹ̀gbọ́n opó náà ló rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú kòtò. Kò rí ojú ewé yẹn rí láyé rẹ̀, ìgbà náà ló sì rántí pé òun kò rí i rí.

Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kún, kóòtù wà lọ́rùn, àwọn òbí ń wò ó. Ó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ìwé tiwa yàtọ̀ sí èyí."

"Àbùlẹ̀ kejì nìyẹn," ni olùkọ́ wí fún mi. "Ti àkọ́kọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Adájọ́ di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eléyín ní bàbá rẹ̀ purọ́. Adájọ́ lù ú, ó já bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní ìwé àwọn yàtọ̀, òun á mú un wá, kí gbogbo ayé wò ó. Ó mú un wá lóòótọ́. Ó ṣí i níwájú kíláàsì. Olùkọ́ kò ní láti sọ nǹkan kan, nọ́ńbà ojú ewé ìwé náà fúnra rẹ̀ ló fò kọjá, gbogbo ọmọ sì lè kà á.

Ọmọ náà délé, ó gbé ìwé náà sórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má kàwé fún mi mọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò yájú, kò gbó bàbá rẹ̀ lẹ́nu. "Ó ń kí mi láàárọ̀ bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé-ìwé," ni Alábùlẹ̀ wí. "Bí mo bá rán an níṣẹ́, á jẹ́ ẹ. Bí mo bá bi í bí ilé-ìwé ṣe rí, á ní dáadáa ni, sà. Sà! Nínú ilé mi!"

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé wọn. Yàrá méjì ni, lókè ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà ń gba inú ilẹ̀kùn wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé ọkọ mi sínú ìwé ìròyìn? Jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ló ti dáa díẹ̀."

Mo fa ìwé kan yọ lórí pẹpẹ láìwò ó, mo ní kí Alábùlẹ̀ fi ibi tí àbùlẹ̀ wà hàn mí. Ìtàn apẹja kan ni. Ó ronú, ó ní ibi tí apẹja ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga ni òun ti fi ọ̀rọ̀ dí i. Mo ṣí i. Ibẹ̀ wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Mo ní ìjì tó fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Háà, ìjì yẹn? Ti inú ìwé ni." A wá a títí. Kò sí ìjì. Ojú ewé tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti lọ, fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ó jókòó sórí àga. Mo ti rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí lójú ni, àṣé òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ nínú.

Mo bá Adájọ́ níta, lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọ bàtà ilé-ìwé rẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ojú bàbá rẹ̀. Mo ní kí ó máà bínú nítorí ìdíje, ìdíje mìíràn ń bọ̀.

"Mi ò bínú nítorí ìdíje."

"Nítorí kí ni?"

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo bàtà díẹ̀ sí i. "Mo lu Eléyín. Òótọ́ ló sì sọ." Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá mi sọ fún mi pé ìyá wọn ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Èwo ló wà níbẹ̀ nínú ìyẹn, èwo ni wọ́n fi dí ihò?"

Ó wo ìwé tí mo fi ń kọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má fi àbùlẹ̀ kún tèmi o."

Mo ṣèlérí fún un. Ohun tí mo kọ síbí, wọ́n sọ ọ́ tàbí mo rí i.

Inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àtẹ̀gùn wọn kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo ti padà wọlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Bàbá Adájọ́, ẹ gbọ́? Ó ti dé orí ẹ̀rín ọjọ́ ìbí rẹ̀ o."

"Mo gbọ́."

"Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ inú ni, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. N óò sọ fún un. Tiyín ńkọ́?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá níbí, èmi bàbá rẹ̀, mo ní kó máà bínú."

"Iwájú èèyàn lẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ ti tún un ṣe?"

Ó ní ṣé kí òun wá lọ dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, kí òun sọ pé òpùrọ́ ni òun? Àgbà bíi tòun?

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiyín kò tíì lọ jìnnà. Ẹ dá a dúró." Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń kọjá, ó bá iṣẹ́ lọ.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí olùkọ́ tó ránṣẹ́ sí mi pé Alábùlẹ̀ ń bọ̀ ní kíláàsì lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ kóòtù lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà láyà rẹ̀ tí ó gbàgbé láti yọ. Ó gbé ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tiwọn dání. Adájọ́ rí i, ó dorí kodò sórí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀. Ìwé wa ya kó tó dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ tèmi dí ibẹ̀, mi ò sọ fún ọmọ mi. Ohun tí mo kà fún un ló sọ, kò purọ́. Nígbà tí mo dìde ní gbọ̀ngàn tí mo ní ìwé wa yàtọ̀, mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí. Eléyín, níbo lo wà?"

Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ pín sí méjì nawọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.

"Má bínú. Òótọ́ lo sọ. Bọ́tìnnì rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi ti gán an, sà."

"Jẹ́ kí n wò ó." Ó wò ó. "Òwú yẹn kò jọra, ṣùgbọ́n ó le."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ afọ́jú ló mọ ọ̀nà. Ó ní nínú kùrukùru, ta ló ríran jù ú lọ? Ẹlòmíràn ní kí ó sọ ìtàn afọ́jú náà fún àwọn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sì ń gùn. Eléyín tún nawọ́.

"Sà, ti inú ìwé yára ju tiyín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Alábùlẹ̀ wí. "Ẹni tó kọ tiyẹn kò gbìyànjú àtimú ọmọ sùn."

Mo ti ń to ìparí ìtàn mi nínú ọkàn: ọmọ á dìde, á sáré wá dì mọ́ bàbá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agogo ìsinmi lù, Adájọ́ jáde wá bá a níta, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

"Ká ní mo sọ, ṣé o máa jẹ́ kí n wá?"

"Rárá."

"Ó dáa."

"Gbogbo wọn ló ń wò mí." Ó yí padà, ó lọ. Bàbá rẹ̀ dúró títí tí ó fi wọ inú àwọn ọmọ yòókù, lẹ́yìn náà ó bá ọ̀nà ilé alágbàfọ̀ lọ. Mo tẹ̀ lé e. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀ pé ó wá.

Ó ní, "Ẹ wò ó, mo ń dúpẹ́. Bí ọmọ kò bá gbà ọ́ gbọ́, kí ló fẹ́ bínú sí ọ fún? Ọmọ ọdún mẹ́wàá dìde níwájú ilé-ìwé mẹ́ta, ó ní ẹ bi bàbá mi. Bàbá mélòó ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ rí? Mo ba á jẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní in. Mo ti ní in rí." Ó tún ní òun dúpẹ́ fún ìyàwó òun, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun jẹrà. "Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ o. Á máa fi ṣe orin kọ."

Mo ti fẹ́ fi ìtàn náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kí n padà lọ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan wò, mo sì bá wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí ìyá kò lọ síbi iṣẹ́. Alábùlẹ̀ wà nídìí fèrèsé, ó ń lo ìmọ́lẹ̀ tó kù láti rán apá aṣọ kan. Ìyá ń gé àlùbọ́sà. Adájọ́ jáde láti inú yàrá kejì, ó gbé ìwé méjì dání: tiwọn àti ẹ̀dà ilé-ìwé tí kò gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kí mi. Ó fa àga síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀."

Bàbá rẹ̀ gbé e sílẹ̀.

"Mo fẹ́ ka ibi tí ẹ kò kà rí fún yín."

Ó ṣí ẹ̀dà ilé-ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú kùrukùru. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jìn sí kòtò. Ẹ̀gbọ́n opó náà, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá wọn, gbọ́ ohùn ẹranko náà bí ó ti ń ti oko bọ̀. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ó dúró, ó fẹ́ kọjá, kò lè kọjá. Ó wọ inú kòtò, ó tú ẹrù iyọ̀ sórí ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí ẹranko náà lè gùn jáde. Ó mú un dé àgbàlá, ó so ó mọ́ òpó, ó yí padà láti lọ láìkan ilẹ̀kùn. Opó náà ṣí fèrèsé. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá ti dẹ́kun àlùbọ́sà gígé. Alábùlẹ̀ na ọrùn.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

Adájọ́ yí ìwé náà kọjú sí i, ó fi ìka sí ìlà náà, ó dúró kí ó kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ó dáa ju tèmi lọ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ó dáa jù ú lọ púpọ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹnì kan kọ ọ́."

"Afọ́jú yẹn náà kò burú," ni ọmọ náà wí, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ka ìlà bíi mélòó kan sí i, ó sì dúró láàárín gbólóhùn. Ó pa ẹ̀dà ilé-ìwé dé. Ó gbé tiwọn, ó wá ibi tí òwú wà, ó na ìwé náà sí bàbá rẹ̀.

"Ibí ni tiwa ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó yá."

Alábùlẹ̀ gbà á. Ó wá ìlà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ohùn jẹ́jẹ́.

Adájọ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún.

"Ẹ gbé ohùn sókè," ó ní. "Màmá kò gbọ́."